Pátákó yìnyín lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá mi: ẹ̀yin tí ẹ ń ṣeré orí yìnyín, kí lẹ ń ṣe nígbà òjò nílé?

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ kú déédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwa tí a ní snowboard, pátákó tí èèyàn ń dúró lé fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yìnyín, nílé ní Abẹ́òkúta ò pọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọdún méjì mo ti bá èèyàn mẹ́ta pàdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ohun tójú mi rí síbí, kí ẹlòmíì má baà bọ́ sí kòtò tí mo bọ́ sí.

Iṣẹ́ ilé ìdáná ni mò ń ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lórí òkè ní Austria, kò jìnnà sí Innsbruck. Oṣù Kejìlá ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń di ìparí Oṣù Kẹrin kó tó parí. Tí yìnyín bá ti yọ́, wọ́n á tilẹ̀kùn, èmi náà á wálé. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè níbẹ̀ ló kọ́ mi ní carving. Kì í ṣe ti àwọn ọmọdé tó ń fò sókè tó ń pòyì lófuurufú o. Carving tí mò ń wí ni pé kéèyàn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yìnyín, kí irin pẹlẹbẹ tó yí etí pátákó náà ká máa gé yìnyín bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ọṣẹ, kó má sì yọ̀ rárá. Tí o bá bojú wẹ̀yìn, ìlà kan ṣoṣo tín-ín-rín ló yẹ kó wà nílẹ̀. Tí ìlà yẹn bá ti fẹ̀, o yọ̀ nìyẹn, o ò gé e.

Irinṣẹ́ rẹ̀ náà yàtọ̀. Pátákó tèmi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 168, àárín rẹ̀ ò sì ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò máa ń tó 25. Nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí o bá gbẹ́sẹ̀ dábùú lé e, ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀ á yọ síta, wọ́n á máa ha yìnyín, wọ́n á sì gbé ẹ ṣubú. Ìyẹn la ṣe ń kọ ẹsẹ̀ síwájú. Tí a bá ka ẹsẹ̀ tó dábùú gẹ́lẹ́ sí òdo, dígírì 57 ni ẹsẹ̀ iwájú tèmi wà, ti ẹ̀yìn wà ní 54. Bàtà rẹ̀ ò rọ̀, ike líle ni, ó dé orí ojúgun, ìdè onírin ló sì fi ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra.

Lọ́dún 2022, hòtẹ́ẹ̀lì wa fẹ́ tún yàrá àwọn òṣìṣẹ́ kọ́, wọ́n ní ká kó gbogbo ẹrù wa. Bí mo ṣe gbé ohun gbogbo wá sílé nìyẹn. Nígbà tí Màmá mi rí i, wọ́n ní, "Ṣé pátákó tí wọ́n fi ń lọ aṣọ nìyí?" Mo ní rárá o Mà, eré ni mo fi ń ṣe. Wọ́n ní kí n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kí àwọn ọmọdé má baà gùn ún. Mo tì í síbẹ̀ tòun ti àpò rẹ̀. Mi ò sì ránti pé omi yìnyín ọjọ́ ìkẹyìn ṣì wà nínú àpò yẹn.

Mo wá sinmi. Mo jẹ láfún, mo lọ òde ìgbéyàwó, mo sùn. Òjò Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀. Ọjọ́ kan nínú Oṣù Kẹwàá ni mo fa pátákó náà jáde. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi, bí aṣọ tí wọn ò sá kó gbẹ. Irin etí rẹ̀ ti pọ́n láti orí dé ìdí. Mo fìka nù ún, ìka mi pọ́n. Níbi tí orí rẹ̀ ti ká sókè, ìdógùn-ún ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Mo dà á dé, abẹ́ rẹ̀ tó máa ń dán ti funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara lásìkò ọyẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá Màmá mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Owó oṣù méjì ni mo fi ra nǹkan yẹn.

Ara mi náà ti dógùn-ún, mi ò kàn tíì mọ̀ ni. Nígbà tí mo padà sórí òkè ní Oṣù Kejìlá, ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa yí ni itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì mi ò lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé oúnjẹ. Oṣù Kìíní ti ń tán lọ kí n tó padà sí ibi tí mo bá a dé ní Oṣù Kẹrin. Èèyàn ò ní ju oṣù mẹ́rin lọ lórí yìnyín, kó tún wá fi oṣù kan àbọ̀ wá ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀! Ó dùn mí gan-an ni.

Nígbà tí mo wálé ní 2023, ọ̀rẹ́ Màmá mi kan tó ń ṣe àdìrẹ alábẹ́là ní Ìtòkú ni mo lọ bá. Ẹ mọ̀ pé àbẹ́là ni wọ́n ń yọ́ sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé mo fẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kí ọ̀rinrin kan irin pátákó mi títí òjò á fi lọ. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tí kò jẹ́ kí aró wọ aṣọ, ṣé ọ̀rinrin ló máa wá gbà láyè?" Wọ́n bu òkúta àbẹ́là ńlá kan sínú ọ̀rá fún mi, wọn ò gbowó.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Mo fi sáńpépà tó kúnná gan-an ha ìdógùn-ún náà díẹ̀díẹ̀, láti orí lọ sí ìdí, mi ò fà á síwá sẹ́yìn. Mo tú ìdè ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Mo fi aṣọ nu abẹ́ rẹ̀, mo gbé e síbi òjìji fún ọjọ́ méjì kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé áyọ́ọ̀nù àtijọ́ kan, mo tẹ àbẹ́là mọ́ ojú rẹ̀, ó ń kán tó, tó, tó sí abẹ́ pátákó, mo wá ń fi áyọ́ọ̀nù náà tẹ́ ẹ káàkiri. Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀: tí áyọ́ọ̀nù bá ń rú èéfín, ó ti gbóná jù. Ẹ má sì dá a dúró lójú kan, torí abẹ́ pátákó náà lè jó. Mo jẹ́ kí àbẹ́là bo irin etí rẹ̀ dáadáa, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ha á kúrò. Tí mo bá dé ọ̀hún ni mo máa ń ha á, kí n tó fi èyí tí wọ́n ṣe fún yìnyín sí i, nítorí àbẹ́là aláró ò lè sáré bíi tiẹ̀. Ti pé kó máa ṣọ́ irin lásìkò òjò, kò kù síbì kan.

Mi ò dá a padà sínú àpò mọ́. Ara ògiri àárín ilé ló wà, níbi tí òjò kì í lù. Ẹ má gbé e sábẹ́ páànù, ooru ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí pátákó yìí lè fara dà.

Ti ara wá kù. Olúmọ ni mo yàn. Gbogbo èèyàn rò pé gígun òkè ni iṣẹ́, mo sì rò bẹ́ẹ̀ náà. Sísọ̀kalẹ̀ gan-an ni! Lórí yìnyín, itan á máa tẹ̀, á sì tún máa gbé ìwúwo ara dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ohun kan náà ló sì ń ṣe tí o bá ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní àràárọ̀ Sátidé, mo máa ń gùn ún bó ṣe wù mí, ṣùgbọ́n tí mo bá ń bọ̀, mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ẹsẹ̀ kan tó kanlẹ̀, orúnkún mi á sì kọjú síbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ nísàlẹ̀ àpáta ti ń wò mí láti ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ́ lo jẹ́ ni?" Mo bá jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń yára sọ̀kalẹ̀, àwọn gan-an ló máa ń pariwo pé, "Rọra!"

Láàárín ọ̀sẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Ìlewó ni mò ń sá, kí oòrùn tó mú. Tí òjò ò bá jẹ́ kí n jáde, mo máa ń fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó jókòó sórí àga tí kò sí, títí itan á fi máa ta mí. Káfíńtà kan ní Adátán gé pákó kan fún mi, mo gbé e lé páìpù omi tó nípọn, mo ń dúró lé e. Ó máa ń yí síbí, á yí sọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò lè ka ẹẹ́wàá lórí rẹ̀. Nígbà tó di Oṣù Kẹsàn-án, mo lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi kí n sì de gbogbo bọ́tìnnì lórí ẹ̀.

Oṣù Kejìlá 2023, ọjọ́ àkọ́kọ́, orí yìnyín ni mo wà títí wọ́n fi pa ẹ̀rọ òkè. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìlà náà tín-ín-rín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lojú tiyín rí?

Ará Òkè-Mosàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni ti skateboard, pátákó onítáyà kékeré. Mo ti gbé ọdún mẹ́ta ní ìlú òyìnbó, mo kọ́ carving díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé, mo ra skateboard gígùn kan tí ìdúró orí rẹ̀ jọ ti yìnyín: o fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó yà, o fi ọmọ ìka tẹ̀ ẹ́, ó tún yà. Ó dára gan-an fún ìdánrawò, mi ò ní purọ́. Àárọ̀ Sunday ni mo máa ń lọ sórí títì, kí mọ́tò tó pọ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan. Títì ti gbẹ, mo rò pé kò séwu. Ìyanrìn tí àgbàrá wọ́ sórí títì ni mi ò rí. Táyà kékeré yẹn bọ́ sínú ìyanrìn, ó dúró gbọin. Èmi ò dúró. Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹlẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ ya X-ray, wọ́n ní iṣan ló fà, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, wọ́n ní kí n máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mi ò lè ṣí ìdérí ìgò omi. Mo lọ síbòmíì. Dókítà ibẹ̀ fi ìka tẹ ojú ihò kékeré tó wà nídìí àtàǹpàkò mi, mo kígbe. Ó ní eegun kékeré kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá sán, X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má gbé e jáde, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n ní kí n padà wá fún òmíì. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi níbi àkọ́kọ́, ó sì ń bí mi nínú di òní. POP ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìdáàbòbò ọrùn ọwọ́. Mo ní in nílé, inú àpótí ló wà lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ará Kánádà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tí ọwọ́ rẹ wà nínú POP, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò ó sàn.

Ọmọ mi obìnrin ló ń ṣe eré yìí ní Kánádà. Àwọn ọmọbìnrin wa tó lọ PyeongChang ní South Korea ní 2018 ló kó sí i lórí, Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, ẹgbẹ́ bobsled, ìyẹn ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín, àti Simidele Adeagbo tó fàyà lélẹ̀ lórí ọkọ̀ tiẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní skeleton. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa dé Olympics ìgbà òtútù nìyẹn. Seun yìí ti sá eré orí ìdènà ní London lọ́dún 2012, kó tó wá fi pákó kan ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dánra wò. Ọmọ mi máa ń sọ ọ̀rọ̀ pákó yẹn fún mi lórí fóònù bí ẹni pé òun ló kàn án.

Nígbà tó wálé ṣègbéyàwó, ó fi bàtà líle rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní Kútọ̀. Ilé ẹrù ẹ̀yìnkùlé, abẹ́ páànù, ni mo kó o sí. Ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ní kí n nù ún, mo di ọrùn bàtà náà mú, mo gbé e sókè, gìgísẹ̀ rẹ̀ já sílẹ̀. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí búrẹ́dì tó gbẹ. Mo pe ọmọ ọ̀dọ̀ mi, mo bá a wí gidigidi, mo ní òun ló sọ nǹkan lù ú. Ọmọ yẹn sunkún pé òun ò dé ibẹ̀ rí.

Mo pe ọmọ mi ní Kánádà. Ó ní, "Mà, kò sẹ́ni tó fọ́ ọ." Ó ní irú ike yẹn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló máa ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, tí á máa tú u láti inú, ooru sì máa ń mú kó yá. Ó ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ ní Kánádà ló wà, ó máa gbó lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n abẹ́ páànù ní Abẹ́òkúta ló sáré sí. Mo pe ọmọ ọ̀dọ̀ mi wá, mo bẹ̀ ẹ́, mo ra aṣọ fún un. Èyí tó tún gbé wá lẹ́yìn ìyẹn, inú yàrá mi ló wà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo yọ tìmùtìmù inú rẹ̀ lọ́tọ̀, mo de ìdè rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má baà ṣẹ́po, mo sì máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ ṣé gan-an ni, Mà. Bí mo ṣe ka tiyín tán, mo dìde lọ gbé bàtà tèmi síbi ìmọ́lẹ̀ iná kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Tokunbọ̀ ni mo rà á, mi ò mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ní nǹkan kan. Ti òsì, mo tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi ọrùn ẹsẹ̀, mo rí ìlà funfun kan níbẹ̀, kò fẹ̀ ju irun orí lọ. Mo fi èékánná tọ̀ ọ́, ó wọlé. Ó yá mi lára pé ibí ni mo ti rí i, pé kì í ṣe lórí òkè, nígbà tí mo bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí bàbá elẹ́rọ yẹn kí wọ́n bá mi wá òmíì kí Oṣù Kejìlá tó dé.

Àbúrò Òkè-Mosàn, POP ò ní kí ẹsẹ̀ má ṣiṣẹ́. Sátidé yìí, aago mẹ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà Olúmọ ni màá ti dúró dè ẹ́. Àtẹ̀gùn la máa sọ̀, èmi ni màá wà lápá òsì rẹ.