Ẹ má jẹ́ ká pè é ní "káàdì àpapọ̀"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá fún àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá wa, pé kí á máa pe káàdì tó so mọ́ ju àkáǹtì kan lọ ní "káàdì àpapọ̀". Ọ̀pọ̀ nínú yín ti fara mọ́ ọn. Èmi ò fara mọ́ ọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà.

Bí a bá ti pe nǹkan ní àpapọ̀, ohun tí etí gbọ́ ni pé ó ti di ọ̀kan. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí POS n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó. Ọlọ́jà á tẹ iye owó, á ki káàdì bọ ẹ̀rọ, á wá béèrè: "Savings ni àbí Current?" Báǹkì kan náà, orúkọ kan náà, síbẹ̀ owó ibí ò dà pọ̀ mọ́ tọ̀hún. Káàdì nìkan ló jẹ́ ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ "káàdì alápò-púpọ̀". Àwọn oníròyìn tó ń pe àkáǹtì ní "àpò àṣùwọ̀n" ti mú un mọ́ wa lára, télọ̀ náà sì ń rán ṣòkòtò alápò mẹ́rin láìsí ẹni tó ń béèrè ìtumọ̀.

Ibi tí àpapọ̀ ti lè bá a mu ni káàdì tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde pẹ̀lú MasterCard lọ́dún 2014, tó jẹ́ káàdì ìdánimọ̀, tó tún jẹ́ káàdì ìsanwó. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n pa pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo lójú mi ni Bràsíl. Níbẹ̀, káàdì kan ṣoṣo ló sábà máa ń ṣe débito àti crédito, "cartão múltiplo" (káàdì oníṣẹ́ púpọ̀) ni wọ́n ń pè é. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ọlọ́jà á kọ́kọ́ bi yín: "Débito ou crédito?" Ẹni tó bá dáhùn pé débito, owó ara rẹ̀ ló ń kúrò ní báǹkì. Ẹni tó bá dáhùn pé crédito, báǹkì ló ń bá a san án. Ó di ìgbà tí ìwé gbèsè oṣooṣù bá dé láti báǹkì kí ó tó san tirẹ̀, wọ́n sì tún lè béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló fẹ́ fi san án. Ṣé ó wá yẹ kí orúkọ kan náà bo owó ẹni àti owó ẹlòmíràn mọ́lẹ̀? "Káàdì towó-tàwìn" ni mo dábàá fún irú èyí.

Àbúrò wa kan sọ pé ọ̀rọ̀ ìdí àtẹ ni àwìn, pé "ẹ̀yáwó" ló bá báǹkì mu. Rárá o. Ẹni tó yáwó, owó ló gbà lọ́wọ́. Ẹni tó rajà láwìn, ọjà ló gbé lọ, tí owó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí gan-an ni crédito ń ṣe. Bí ẹ bá fi káàdì yẹn fa owó jáde nínú ẹ̀rọ ATM, ìgbà yẹn ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yáwó.

Ẹ̀kẹta ni irú káàdì Curve, ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ó to káàdì oríṣiríṣi báǹkì sínú áàpù rẹ̀, ẹ ó sì máa mú ẹyọ kan ṣoṣo rìn. Curve á sanwó fún ọlọ́jà, á wá gbà á padà lára káàdì tí ẹ yàn. Káàdì alárinà nìyẹn, orúkọ náà sì wúlò fún àwọn ará wa tó ń gbé níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1974 fún ẹni tó fi káàdì àwìn ra ọjà tó ju £100 lọ, tí kò sì kọjá £30,000, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì bí ọlọ́jà bá já a kulẹ̀. Bí alárinà bá bọ́ sáàárín, ẹ̀tọ́ yẹn lè bọ́.

Mo bẹ àwọn tó ń ṣe àkójọ kí wọ́n kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ku kan tí mo fẹ́ gbọ́ èrò yín lé lórí: Curve máa ń jẹ́ kí èèyàn gbé owó tó ti san kúrò lórí káàdì kan sórí òmíràn lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́jà. Ṣé "ìyípadà" ni àbí "ìṣípò"? Ìṣípò lèmi fẹ́, torí iye owó ò yí padà, ọjà ò yí padà, àpò tó sanwó nìkan ló kúrò níbì kan lọ síbòmíràn.