Ọ̀rọ̀ "ìyọ́kùsà": kí ló yọ́ níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìtòkú ní ká máa pe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí kùsà (òkúta tí bàbà tàbí irin wà nínú rẹ̀) kí ó tó dé ibi iná ní "ìyọ́kùsà". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, nǹkan kan kì í yọ́ níbẹ̀. Fífọ́ ni, lílọ̀ ni, yíyà sọ́tọ̀ ni.

Ẹ wo kùsà bàbà. Tọ́ọ̀nù kan lè má ní ju bàbà 6 kg lọ. Ta ni yóò máa da epo sínú iná torí 994 kg tó kù? Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á fi omi lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, torí wóró bàbà há sínú òkúta. Bí kò bá kúnná tó, bàbà á bá òkúta dànù. Bó bá kúnná jù, á di ẹrẹ̀ tí ìfófó (ìhó omi tó ń gbé wóró bàbà gòkè) kò lè gbé. Wọ́n á po láìmù mọ́ ọn (èyí tí wọ́n ń sun láti ara òkúta bíi ti Ewékorò, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ o) kí òkúta onímí-ọjọ́ tó ní irin má baà léfòó. Kẹ́míkà xanthate ni yóò jẹ́ kí wóró bàbà kọ omi, kí ó lẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú táńkì, kí ó sì bá ìfófó gòkè.

"Ìfẹ́kùsà" tí àbúrò wa láti Aké mú wá sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tó ń fẹ́ ìrẹsì ọ̀fadà mọ̀ pé ìyàngbò ló ń fò lọ. Nínú táńkì yìí, èyí tó gòkè gan-an la ń wá.

"Ìṣàkùsà" ni tèmi. Ohun tí a ṣà ni àṣàyàn kùsà. Ẹ má pè é ní ògidì, bàbà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ṣẹ́kù, èèrí kùsà, bí èèrí ògì. Ẹ fi ìdàrọ́ sílẹ̀ fún ìdọ̀tí ẹ̀yìn iná, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń pè é.

*Èsì láti Ìtòkú:*

Àbúrò, o ṣeun. Mo gbà, kò sí ohun tó yọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ la fi ń ṣa ẹ̀wà. Kùsà irin Itakpe ńkọ́? Nǹkan bíi 36 nínú ọgọ́rùn-ún ni irin inú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tó 63 kí ó tó yẹ iná Àjàokúta, omi àti òòfà ló sì wà fún un. Òòfà kì í ṣà, fífà ló ń fà. Mo gba èèrí, mo gba àṣàyàn. Fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, "ìyàkùsà" ńkọ́? Ọwọ́ lè yà á, omi lè yà á, òòfà náà lè yà á.