Ìmọ̀ràn ni mo ń wá: ṣé àwọn tó ń yá ṣíà tà ló ń já owó mi lulẹ̀?

Ìyá Fárídà, Èbúté Mẹ́ta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun. Mo ní ṣíà báǹkì kan níbí, mo sì fi áàpù ra ti iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan. Ti Amẹ́ríkà yìí ń já ṣáá ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú áàpù pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ni 91% rẹ̀, pé àwọn kan sì ti yá 24% rẹ̀ tà. Àbúrò mi ní kí n fi owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kún un, pé àwọn tó yá a tà máa tó sáré rà á padà, á sì fò sókè bíi GameStop, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta géèmù. Ọjà Iléyá ni mo fẹ́ fi owó yẹn rà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Customs Street:
Ìyá Fárídà, ẹ kú ọjà. Ọ̀dọ̀ alágbàtà ṣíà ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ká ní ẹ yá báálì ańkárá kan ní ìsọ̀ kejì, ẹ tà á lónìí, ẹ ń retí kí ọjà rọ̀ kí ẹ lè ra irú rẹ̀ dá padà. Tó bá rọ̀, ẹ jèrè. Tó bá wọ́n, ẹ óò rà á náà ni, iye yòówù kó dà. Tí owó tí ẹni tó yá ṣíà tà fi dógò kò bá tó mọ́, alágbàtà á fipá rà á padà. Bí gbogbo wọn bá wá sáré rà pọ̀, owó á gun òkè. Ti GameStop, ṣíà tí wọ́n yá tà ju èyí tó wà lọ́jà lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 2021 ó dé 483 dọ́là. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi bọ́ sábẹ́ 60. 24% pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sún mọ́ ìyẹn rárá.

Bọ̀ọ̀dá Yábàá:
Mà, owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń tọ́jú níbi iṣẹ́ mi. Àwọn olówó ńlá kì í tà lójoojúmọ́, nítorí náà ṣíà tó ń yí láti ọwọ́ dé ọwọ́ kì í pọ̀. Ọjọ́ tí méjì mẹ́ta nínú wọn bá fẹ́ jáde, ta ló fẹ́ ra gbogbo ẹ̀? Àwọn náà ló sì sábà ń yá àwọn tó ń yá tà ní ṣíà, wọ́n ń gbowó lórí ẹ̀. 91% yẹn tún ti pẹ́: ní Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ní, wọ́n sì ní ọjọ́ 45 kí wọ́n tó sọ ọ́.

Sìsí Òbáléndé:
Ìkà ni àwọn tó ń yá tà yẹn. Kí ìjọba fòfin dè wọ́n!

Bàbá Customs Street:
Ọmọ mi, Jámánì ṣe é. Ní oṣù kejì 2019 wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má yá ṣíà Wirecard, iléeṣẹ́ ìsanwó wọn kan, tà fún oṣù méjì. Ní oṣù kẹfà 2020 iléeṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé bílíọ̀nù 1.9 owó Euro tí òun ní òun ní, ó jọ pé kò sí níbì kankan. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló wọ gbèsè. Àwọn tó rà á nígbà tí òfin yẹn ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni àánú wọn ń ṣe mí. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí àwọn tó ń yá tà rí.

Ìyá Fárídà, Èbúté Mẹ́ta:
Báǹkì tibí ńkọ́, Bàbá? Ta ló ń tẹ ìyẹn mọ́lẹ̀?

Bàbá Customs Street:
Yíyá tà kò wọ́pọ̀ níbí. Olówó ńlá tó ń jáde ni ẹ máa wò. Ní oṣù kẹta 2008, atọ́ka ọjà wa kọjá 66,000. Nígbà tí ọdún yẹn parí, ó ti wà ní nǹkan bí 31,000. Àwọn ará òkè òkun ń kó owó wọn lọ, báǹkì sì ń béèrè owó tí wọ́n yá àwọn èèyàn fi ra ṣíà. Lónìí, ṣíà kò lè já ju 10% lọ lóòjọ́. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ wo ojú ẹ̀rọ lọ́jọ́ burúkú: àwọn tó fẹ́ tà tò lọ súà, ẹ̀gbẹ́ olùrà ṣófo, kò sí oókan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, 10% míì.

Ìyá Ìjẹ̀shà:
Ẹ̀gbọ́n mi, owó Iléyá kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ọjà ṣíà kò sì mọ ọjọ́ yẹn.

Ìyá Fárídà, Èbúté Mẹ́ta:
Ẹ ṣeun gan-an. Owó àjọ ń lọ sí Balógun. Ti Amẹ́ríkà yẹn, gbèsè iléeṣẹ́ náà ni màá kọ́kọ́ wò kí n tó mọ̀ bóyá màá tà. Bọ̀ọ̀dá Yábàá, níbo ni mo ti lè rí orúkọ àwọn tó ni 91% yẹn?

Bọ̀ọ̀dá Yábàá:
EDGAR ni kí ẹ lọ, mà, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tí àwọn iléeṣẹ́ ń kó ìwé wọn sí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá ìwé tí iléeṣẹ́ náà kọ sí àwọn onípìn-ín ṣáájú ìpàdé ọdọọdún. DEF 14A ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ẹni tó bá ní ju 5% lọ wà níbẹ̀.