Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ: pùròpélà ni àbí jíà?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà ni, ẹ́ńjìnnì 40 (agbára ẹṣin 40) ló wà nídìí ẹ̀, ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ la ti ń lò ó. Téèyàn méjì bá wà nínú ẹ̀, ó ń lọ geere. Tá a bá di ẹrù kún un, tí mo fún un níná, ẹ́ńjìnnì á ké sókè lójijì, ọkọ̀ á máa wọ́. Tí mo bá dín iná kù, á tún gbá omi mú. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ gbogbo jíà, ìyẹn àwọn eyín irin tó ń yí pùròpélà (abẹ ìdí ẹ́ńjìnnì tó ń ti omi).

Èsì 1
Ẹ má tíì náwó jíà. Rọ́bà inú pùròpélà ló jọ pé ó ń yọ̀. Òun ló so idẹ àárín mọ́ ara pùròpélà. Tó bá ti jẹ, ó lè gbé ẹrù fúyẹ́, kò ní lè gbé èyí tó wúwo. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà pílọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fi ìṣó ha ìlà kan tààrà láti orí idẹ kọjá rọ́bà dé ara pùròpélà. (Máàkà ò wúlò, omi á fọ̀ ọ́.) Tí wáṣà bá bo idẹ, ẹ tú u, ẹ ha á, ẹ dè é padà. Ẹ wá di ẹrù, kẹ́ ẹ sáré títí yóò fi ké. Tí ìlà bá já sí méjì, rọ́bà ni.

Èsì 2
Ẹ wo gíga ẹ́ńjìnnì náà. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pùròpélà yẹ kó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó fi bí ínǹṣì kan ga jù ú. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbá. Ṣùgbọ́n ìgbà tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́nà tàbí tí ìgbì bá wà nìyẹn sábà máa ń ṣe é, ẹrù sì máa ń tẹ ìdí ọkọ̀ wọmi ni. Ẹ yẹ ọ̀rá àti okùn àwọ̀n wò náà, wọ́n máa ń wé mọ́ pùròpélà.

Èsì 3
Jíà tó ti jẹ kì í yọ̀ jẹ́ẹ́, ńṣe ló máa ń fò: kpá, kpá, kpá. Kó lè dá yín lójú, ẹ da ọ́ìlì jíà jáde wò. Tó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Tí ègé irin bá wà nínú ẹ̀, mẹkáníìkì yín jàre.

Oníbéèrè
Ìlà ti yà síra, ó tó ìka méjì. Ọ́ìlì mọ́. Ẹnì kan ní kí n fi wẹ́dà jó idẹ àti pùròpélà pọ̀.

Èsì 1
Ẹ má jó o! Tí pùròpélà bá gbá igi, rọ́bà yẹn ló ń gba ìyà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jó o, jíà ló máa fọ́. Ẹ ra tuntun, tàbí kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ti rọ́bà wọlé. Tẹ́ ẹ bá ń dè é, ẹ fi gírísì pa ọ̀pá tí pùròpélà ń wọ̀, ẹ má gbàgbé wáṣà ńlá tó ń ṣáájú pùròpélà, ẹ sì fi pín tuntun há nọ́ọ̀tì. Kó tó dìgbà yẹn, iná díẹ̀, ẹrù díẹ̀.