Re: "òórùn kíkan": ta ló ń fimú tọ́ ọsàn wò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká pe òórùn lọ́fínńdà tó jọ ti ọsàn, mi ò fẹ́ dá sí i, torí ìgbà tí mo dá sí ọ̀rọ̀ ayárabíàṣá lọ́jọ́sí ẹ mọ ibi tó já sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé nípa lọ́fínńdà ti wá sọ pé òun ti parí ẹ̀, pé gbogbo lọ́fínńdà tó bá ń ta sánsán bí ọsàn, bí láìmù, bí ọsàn gíréèpù, "òórùn kíkan" lòun máa pè é, kẹ́nikẹ́ni má bá òun jiyàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ jiyàn.

Kan! Ẹ̀gbọ́n, kan kẹ̀! Ahọ́n ló ni kan, imú ò ni ín. Ohun tó bá kan, títọ́ wò la fi ń mọ̀. Tó bá wá jẹ́ imú ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé nǹkan ti kan, á jẹ́ pé nǹkan ọ̀hún ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọtí kíkan ló wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ yín, èyí tí wọ́n nà sí Olúwa lórí igi. Ẹni tó bá rí "òórùn kíkan" lára ìgò á rò pé ó ti pẹ́ jù lórí àtẹ ni.

Àti pé ẹ tiẹ̀ rò ó wò, òróró ọsàn máa ń bàjẹ́ lóòótọ́ o! Tí atẹ́gùn bá ń wọ̀ ọ́, tí wọ́n gbé e síbi tó gbóná, limonene, èròjà inú ẹ̀ tó ń ta sánsán, á yí padà, òórùn ẹ̀ á wá dà bí ti ọ̀dà tó ti dì. Èyí gan-an ló yẹ ká sọ pé ó ti kan. Tá a bá ti ná kan sórí èyí tó dáa, kí la fẹ́ pe èyí tó bàjẹ́?

Ẹnì kan gbèjà ẹ̀gbọ́n lánàá, ó ní ọsàn ń kan, nítorí náà òórùn ẹ̀ náà ń kan. Àbúrò, omi ọsàn ló ń kan. Ásíìdì tó wà nínú omi yẹn ò ní òórùn kankan, kì í fò lọ sáfẹ́fẹ́, inú omi ló jókòó sí. Ibi tí òórùn ti ń wá ni èèpo. Tó o bá ń bó ọsàn, ṣé o rí nǹkan wíníwíní tó máa ń fọ́n jáde tó ń ta èèyàn lójú, òun ni. Àwọn àpò kéékèèké ló wà lára èèpo tí òróró kún inú wọn, àwọn tó ń ṣe lọ́fínńdà á fún èèpo yẹn láìfi iná kàn án, torí iná máa ń ba adùn ẹ̀ jẹ́. Ti ọsàn dídùn, ó ju ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó jẹ́ limonene nìkan. Kò sí kíkan níbẹ̀. Ó ń ta ni! Ó ń ta lójú, ó ń ta sánsán, ta kan náà ni (ẹ má fi tà ti ọjà dá mi lóhùn, àmì wà lórí ìyẹn).

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ká pè é ní "èèpo ọsàn". Lọ́fínńdà èèpo ọsàn. Ó tán.

Wọ́n ní "òórùn ọsàn" ti tó, kí ni èèpo ń wá. Ẹ wo igi ọsàn kíkorò, igi kan ṣoṣo. Wọ́n á fún èèpo èso ẹ̀, òróró kan nìyẹn. Wọ́n á fi ooru omi híhó fa ti òdòdó ẹ̀ jáde, ìyẹn ni neroli. Wọ́n á tún fa ti ewé àtẹ̀ka ẹ̀, ìyẹn ni petitgrain. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, imú kan ò lè ṣì wọ́n gbọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òórùn ọsàn, ọ̀kan ṣoṣo ni èèpo. Mo mọ ibi tí tèmi náà ti jò o, kẹ́nì kan tó fi gún mi lójú: ewé tíì (lemongrass) kì í ṣe ọmọ ọsàn, kò ní èèpo kankan, citral, èròjà tó mú òórùn láìmù máa rí bó ṣe ń rí náà ló kún inú ẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe sí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní òun ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Mo gbà, mo dọ̀bálẹ̀ bí mo tiẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ìyá mi àgbà ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kò mọ a-b-d, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ pé nǹkan ń rùn kíkan níwájú ìyá yẹn, ohun tó máa sọ ni pé ẹ lọ dà á nù. Àwọn tó ń gbọ́ èdè létí báyẹn ti ń tán lọ.

Ọ̀rọ̀ gbígbọ́ yìí náà, ẹ wò ó. Wọ́n tú "top note", òórùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde nínú lọ́fínńdà, sí "òórùn òkè". Òkè wo? Òórùn èèpo ọsàn fúyẹ́, òun ló ń kọ́kọ́ fò, kó tó pé wákàtí kan ó sábà máa ń ti lọ, igi àti oje igi ló máa ń kù lára aṣọ. Gbígbọ́ la sì ń gbọ́ òórùn ní tiwa. Àkọ́gbọ́ ni! Bí àkọ́bí. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe é gan-an, ọ̀rọ̀ orin, "note", ni wọ́n fi ń pè é, àwa tá a ti ń fimú gbọ́ nǹkan látọjọ́ wá wá ń wá òkè kiri. Ẹni tó dá "àkọ́rùn" lábàá, mi ò ní dá a lóhùn, rùn ni rùn.

Lórí ọ̀rọ̀ "lọ́fínńdà" fúnra ẹ̀, tẹ́nì kan ní ó wá láti ara "fín" bí ẹ fín oògùn, rárá o. Lavender ni, ewéko òyìnbó. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀, orúkọ ìlú Cologne ní Jámánì, níbi tí ilé iṣẹ́ lọ́fínńdà Farina ti bẹ̀rẹ̀ ní 1709, náà ló di kòlóòn lẹ́nu gbogbo ayé. Bẹ́gámọ́ọ̀tì, èso kan nínú ìdílé ọsàn, tẹ́ ẹ sì pè ní ọsàn wẹ́wẹ́ kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́, Calabria ní Ítálì ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, ọ̀kan lára èròjà tó sì pọ̀ nínú òróró ẹ̀, linalyl acetate, wà nínú lavender náà, nítorí náà òun gan-an ló súnmọ́ lọ́fínńdà jù.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ẹni tó ní kí la fẹ́ fàmì ohùn ṣe lára ìgò. Kọ "oorun osan" kó o fún ẹni mẹ́ta kà. Ọ̀kan á sùn lọ́sàn-án, ọ̀kan á yáàrùn, ẹ̀kẹta nìkan ló máa fa imú. Ẹ má sì rò pé eré ni mò ń ṣe. Òróró bẹ́gámọ́ọ̀tì tí wọn ò bá yọ bergapten, èròjà kan tí kì í bá oòrùn rẹ́, kúrò nínú ẹ̀, téèyàn bá fi pa ara tó wá jáde sínú oòrùn, ara lè bó, kó dúdú bí ibi tí iná jó. Òórùn ọsàn àti oòrùn ọ̀sán ò gbọdọ̀ pàdé lára èèyàn. Ẹ wá bá mi kọ ìkìlọ̀ yẹn láìfi àmì sí i: "ma je ki oorun kan an". Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú kan nìyẹn?