Gálárì ní kí n má ta àwòrán nílé mọ́: kí ni kí n ṣe nípa àwọn oníbàárà mi àtijọ́?

Ayàwòrán Ìtòkú (Abẹ́òkúta)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí. Ayàwòrán ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, àwọn aláró àti àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń yà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí iṣẹ́ mi ti ń wà nínú àwọn ìpàtẹ alájọṣe ní Èkó, níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ti máa ń mú àwòrán méjì tàbí mẹ́ta wá. Ní báyìí, gálárì kan níbẹ̀ fẹ́ ṣe ìpàtẹ tó máa jẹ́ tèmi nìkan. Inú mi dùn sí i gidigidi, nítorí ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo iṣẹ́ ẹni nígbà tí gbogbo ògiri bá jẹ́ ti ẹnì kan yàtọ̀ sí ojú tí wọ́n fi ń wò ó nígbà tó bá há sáàárín ti ẹlòmíràn.

Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló gbé ìbéèrè mi wá. Wọ́n ní ìdajì owó àwòrán kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà ni tiwọn. Wọ́n tún ní láti ọjọ́ tí mo bá ti fọwọ́ sí ìwé náà, fún ọdún méjì gbáko, n kò gbọdọ̀ ta àwòrán kankan fún ẹnikẹ́ni àfi láti ọwọ́ wọn, ì báà ṣe ní Èkó tàbí ní ilé mi. Àwòrán tí mo máa ń tà ní ₦250,000 níbí, ₦600,000 ni wọ́n fẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ti ń ra iṣẹ́ mi kí Èkó tó mọ̀ mí ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn. Olùkọ́ wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ìyá aláàdìrẹ kan sì wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló jókòó fún mi kí n yà á níbi tó ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Owó àjọ tó ń kó ni ó fi san owó àwòrán náà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi parí. Ó ti ní kí n ya òmíràn fún ọmọ òun obìnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó, mo sì ti gbà. Ojú wo ni n ó fi wò ó kí n tó sọ pé ₦600,000 ni, àti pé Èkó ni kó ti lọ san án? Ṣé kí n gba àdéhùn yìí bó ṣe wà ni, àbí kí n kọ̀ ọ́, àbí ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì?

Òṣìṣẹ́ Gálárì (Èkó)

Ẹ kú oríire ìpàtẹ. Ìdí iṣẹ́ gálárì ni mo ti ń jẹun, nítorí náà ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi lè fì sí bí ẹ bá ń kà á. Ìdajì tí wọ́n ní àwọn máa gbà kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Láti nǹkan bí ìdá 30 títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni gálárì sábà máa ń gbà, kì í sì í ṣe ní Èkó nìkan. Owó ilé ní Ìkòyí tàbí Victoria Island wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu kí ooru má baà ba kánfáàsì jẹ́, owó ìwé ìpàtẹ, owó ìpanu àti ohun mímu ọjọ́ ìṣíde, àti owó oṣù ẹni tó ń pe oníbàárà lórí fóònù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ìpàtẹ ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú ₦600,000, ₦300,000 ni yóò kàn yín. Bí ẹ bá yọ owó férémù àti owó ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta, ohun tó máa ṣẹ́kù kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ₦250,000 tí ẹ ń gbà nílé lọ. Owó ògiri ni wọ́n fi kún un, èyí tí ẹ̀yin kì í kà mọ́ tiyín nígbà tí ẹ bá ń tà nínú yàrá iṣẹ́ yín.

Ohun tó ń já gálárì láyà ni pé kí iye méjì wà fún iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó san ₦600,000 lóṣù yìí, tó wá rí àwòrán tó bá tirẹ̀ mu ní ìwọ̀n lórí Instagram yín ní ₦250,000, yóò gbà pé wọ́n lu òun ní jìbìtì ni, ọ̀dọ̀ wa ni yóò sì bínú wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, ohun yòówù tí ẹ bá bá wọn sọ, ẹ jẹ́ kí iye owó yín jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo níbi gbogbo, kí ẹ sì fi ìwọ̀n àwòrán gbé e kalẹ̀, kó má jẹ́ pé ojú oníbàárà ni ẹ ó máa wò kí ẹ tó dá iye.

Ibi tí n kò ti ní gbè wọ́n lẹ́yìn ni ọdún méjì yẹn. Gálárì tó bá fẹ́ de ènìyàn mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì gbọ́dọ̀ kọ ohun tó máa ṣe láàárín ọdún méjì náà sílẹ̀. Ṣé wọ́n máa ṣe ìpàtẹ mìíràn fún yín? Ṣé wọ́n máa gbé iṣẹ́ yín lọ sí ART X Lagos, ọjà ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tó ti ń wáyé lọ́dọọdún láti 2016, tó jẹ́ pé gálárì ló ń gba àyè níbẹ̀, tí ayàwòrán kò kàn lè dá gbé kánfáàsì rẹ̀ wọlé? Bí ìpàtẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́kàn, kí ìdè náà mọ sórí àwọn àwòrán tó wà nínú ìpàtẹ yẹn àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Olùra Àwòrán (Ìbàdàn)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n fìyà jẹ àwa oníbàárà àtijọ́ nígbà tí iye bá gòkè. Ẹni tó ra iṣẹ́ yín ní ₦250,000 ti wà nínú èrè. Mo ní àwọn àwòrán lára ògiri mi tí agbára mi kò lè ká mọ́ lónìí bí mo bá fẹ́ rà wọ́n, mo sì máa ń fi èyí yangàn fún àwọn àlejò mi. Bí ẹ bá ṣàlàyé fún olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì yẹn dáadáa, wọn yóò bá yín yọ̀. Ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún.

Àgbà Ayàwòrán (Òṣogbo)

Ọmọ mi, o káre. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹni tó wà ní Ìbàdàn yẹn, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá aláàdìrẹ kò ra àwòrán torí kó lè tà á lọ́la. Ojú ara rẹ̀ ló rà. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti ń san owó àwòrán nínú àjọ rẹ̀, ó ti mọyì wúrà ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi owó kan náà ra ohun tí yóò bá àga pálọ̀ rẹ̀ mu lọ.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá láti ilé wa. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo, nígbà tó sì di 1964, Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ tí àwọn bí Twins Seven-Seven, Muraina Oyelami àti Rufus Ogundele ti gba iṣẹ́ jáde. Iṣẹ́ wọn dé London, ó dé Jámánì, ó dé Amẹ́ríkà. Ìlú mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, àwa tó tẹ̀ lé wọn rí i pé a kò tíì kọ́ aládùúgbò wa láti máa gbé àwòrán kọ́ sílé. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, kàlẹ́ńdà báńkì àti fọ́tò ìgbéyàwó ló wà lára ògiri wọn. Ìwọ ti ní olùkọ́, o ní nọ́ọ̀sì, o ní aláàdìrẹ. Ohun tí gálárì Èkó kò lè rà fún ọ nìyẹn, bí wọ́n bá sì pa ilẹ̀kùn dé lọ́la, tàbí tí wọ́n rí ọmọdé mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ wù wọ́n jù, àwọn wọ̀nyí ló máa kù.

N kò ní kí o kọ ìpàtẹ náà. Gbà á. Ṣùgbọ́n kí orúkọ àwọn oníbàárà rẹ àtijọ́ wà nínú ìwé náà, pé o lè tà fún wọn fúnra rẹ ní iye tí gbogbo ayé mọ̀, pẹ̀lú ẹ̀dínwó tí gbogbo ayé mọ̀, kí gálárì sì gba ìdá kékeré níbẹ̀, ìdá 10 tàbí 15, nítorí pé kì í ṣe àwọn ló wá oníbàárà náà rí.

Ayàwòrán Kékeré (Ìlọrin)

Ẹ̀yin àgbà ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé iṣẹ́ orí bébà wà. Lẹ́yìn tí gálárì gbé iye àwòrán kánfáàsì mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi yíǹkì àti ọ̀dà olómi ya àwòrán kéékèèké sórí bébà, tí iye wọn kò ga, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi wé ti kánfáàsì. Àwọn olùkọ́ ń rà á lọ́dọ̀ mi, gálárì kò sì bá mi jà.

Ẹ tún bi wọ́n ta ni yóò san owó bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́nà tàbí lọ́wọ́ wọn. Gálárì kan tí n kò ní dárúkọ ló wá kó iṣẹ́ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi náílọ̀n onípọ́ńpọ́n (bubble wrap) wé àwòrán ákírílìkì, wọ́n kọjú pọ́ńpọ́n náà sí ara ọ̀dà, oòrùn sì pa á nínú ọkọ̀ títí dé Èkó. Nígbà tí wọ́n tú u, àmì róbótó-róbótó ti wọ gbogbo ojú sánmà tí mo yà, láti igun kan dé ìkejì. Ọ̀dà ákírílìkì máa ń rọ̀ bí ooru bá mú un, kò dà bí ọ̀dà elépo tó bá ti gbẹ kanlẹ̀. Bébà dídán tí kì í lẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kan ojú àwòrán kí náílọ̀n tó tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tí ìwé àdéhùn wa sọ nípa rẹ̀, nítorí náà wọ́n bẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Amòfin (Èkó)

Ẹni tó wà ní Ìlọrin ti sọ èyí tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí iṣẹ́ bá ti kúrò nílé yín títí yóò fi dé ọwọ́ oníbàárà tàbí tí yóò fi padà sọ́dọ̀ yín, kí ìwé náà sọ pé ọrùn gálárì ni ewu rẹ̀ wà, kí ó sì dárúkọ iye tí wọn yóò san, kó má jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni wọn yóò máa bẹ̀ yín. Kí ó tún dárúkọ ọjọ́ tí wọn yóò san owó yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ti oníbàárà. Ọgbọ̀n ọjọ́ kì í ṣe ohun tó le. Bí wọ́n bá fún oníbàárà ní ẹ̀dínwó láìbi yín, inú ìdajì tiwọn ni kí wọ́n ti yọ ọ́.

Ohun kan wà tí àwọn ayàwòrán máa ń fò kọjá. Bí ẹ bá ta kánfáàsì, kánfáàsì nìkan ni ẹ tà. Ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà àwòrán náà, ṣì jẹ́ tiyín lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ó sì wà fún gbogbo ọjọ́ ayé yín àti 70 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àfi bí ẹ bá fi ìwé gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ wo inú ìwé gálárì náà dáadáa bóyá gbólóhùn kan wà tó fún wọn láyè láti tẹ àwòrán yín sára báàgì, káàdì tàbí kàlẹ́ńdà láìsan owó. Bí ó bá wà, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n fi mọ sórí ìpolówó ìpàtẹ náà nìkan.

Ẹ sì máa kọ orúkọ ẹni tó ra iṣẹ́ yín sílẹ̀, kí ẹ ní kí gálárì máa sọ ọ́ fún yín. Àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Tutu, tí Ben Enwonwu, gbajúgbajà ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, yà ní 1974 ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní London ní 2018 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn kò fi mọ ibi tó wà, kó tó di pé wọ́n rí i nínú fúláàtì kan ní London. Òfin wa fún ayàwòrán ní ẹ̀tọ́ sí ìpín nínú owó bí wọ́n bá tún iṣẹ́ rẹ̀ tà ní gbàǹjo tàbí láti ọwọ́ oníṣòwò iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà?

Ayàwòrán Ìtòkú (Abẹ́òkúta)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bàbá wa ní Òṣogbo. Mo ti bá gálárì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì le bí mo ṣe rò. Wọ́n gbà kí n fi orúkọ àwọn oníbàárà mi àtijọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ẹ̀dínwó ìdá 20, àwọn yóò sì máa gba ìdá 15 lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà láti yọ ọ̀rọ̀ báàgì àti kàlẹ́ńdà. Ọdún méjì ti di ọdún kan, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ orí bébà kò sí lára rẹ̀. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀ lórí ewu ojú ọ̀nà, wọ́n ní láti ẹnu ọ̀nà àwọn ni ẹrù náà ti di tàwọn, nítorí náà èmi fúnra mi ni n ó wé iṣẹ́ mi, tí n ó sì bá ọkọ̀ lọ.

Ìyá aláàdìrẹ nìkan ló kù. Bí mo bá yọ ìdá 20 nínú ₦600,000, ₦480,000 ni, owó yẹn ṣì ga fún un. Ṣé mo lè ta ti ọmọ rẹ̀ fún un ní iye àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé ó ti ní kí n yà á kí gálárì tó kọ̀wé sí mi?

Amòfin (Èkó)

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti ṣe ìwé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ti gálárì. Ẹ gba owó ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kí ẹ kọ rìsíìtì fún un, kí déètì, ìwọ̀n àwòrán náà àti iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí wà lórí rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gálárì pẹ̀lú gbólóhùn kan pé iṣẹ́ tí ẹ ti gbà ṣáájú àdéhùn ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀la ni ẹ fẹ́ fọwọ́ sí ìwé wọn, ẹ lọ bá ìyá náà ní Ìtòkú lónìí.