Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yín ńkọ́? Ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Ìjọ Áńgílíkà ni wá, n'Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn 5 ló wà lẹ́nu ọ̀nà ńlá wa. Láti kékeré ni mo ti ń fò ó kọjá, mi ò kà á sí. Àfìgbà tí màmá mi ò wá ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Lónìí wọ́n á ní ara àwọn ò yá, lọ́la wọ́n á ní àwọn ti gbọ́ ìwàásù lórí rédíò. Bíi oṣù mẹ́rin. Àdúrà là ń gbà lé wọn lórí. Àṣé orúnkún ni. Wọ́n ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn lọ́jọ́ òjò kan, lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n máa gbé àwọn wọlé bí ọmọ ọwọ́. Ọmọ mi ni wọ́n sọ fún, kì í ṣe èmi. Ó dùn mí wọra.

Mo gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ ìjọ. Àwọn kan ní ẹ̀bùn ìdílé kan ni àtẹ̀gùn náà, orúkọ wọn wà lára ògiri, a ò lè hú u. Lọ́yà kan láàrin wa ló rán wa létí òfin ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, pé ọdún 5 ni ìjọba fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ láti tún ọ̀nà wọn ṣe. A bá fi àtẹ̀gùn sílẹ̀, a ní ká ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi tí a ti ṣìṣe. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni bíríkìlà ṣe é, ó sì lẹ táìsì dídán mọ́ ọn. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ọkùnrin méjì ló ti kẹ̀kẹ́ arọ bàbá kan gòkè, òógùn bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀ ló kù kí kẹ̀kẹ́ já mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ńjíníà kan tó wá síbi ìgbéyàwó ló ṣàlàyé fún wa: ìnṣì kan tí ẹnu ọ̀nà bá fi ga ju ilẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà kan ni kí ọ̀nà náà fi gùn. Ìnṣì 6 ni àtẹ̀gùn wa kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30. Ẹsẹ̀ bàtà 30 ló yẹ, a ṣe 10! Iwájú ò gbà á, la bá fà á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, a ṣe ibi pẹrẹsẹ sí ìyànà rẹ̀ kí èèyàn lè mí. A hú táìsì dànù, owó náà ṣì ń dùn mí. Kọnkéré lásán la dà, bíríkìlà sì fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sí i kó tó gbẹ, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ lójò. Wẹ́dà ṣe irin ìdìmú sí i lọ́tùn-ún lósì.

Ọjọ́ ìkórè ni màmá mi padà wá. Wọ́n di irin mú, wọ́n dúró níbi pẹrẹsẹ yẹn, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n wọlé. Ẹnì kankan ò dì wọ́n mú.

* * *

Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá á pẹ́ fún wa. Cele ni èmi, l'Èkó. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í wọ bàtà wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni ìdààmú àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀: á dúró lórí ẹsẹ̀ kan, á máa tú okùn bàtà, á máa wojú wa. Kò mọ ibi tó máa kó o sí, ọkàn rẹ̀ ò sì ní kúrò lára bàtà títí a ó fi ṣe Oore-ọ̀fẹ́. Yangí iwájú ilé ìsìn wa tún ń gún ẹsẹ̀, oòrùn ọ̀sán á sì máa jó àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tí a ṣe ò pọ̀: bẹ́ǹṣì gígùn kan lábẹ́ òrùlé, pẹpẹ bàtà tó ní nọ́ńbà, omi ẹ̀rọ, kọnkéré láti bẹ́ǹṣì dé ilẹ̀kùn, àti ìborí nínú apẹ̀rẹ̀ fún obìnrin tó bá wá láìborí. Tọkọtaya tó bá dé, ibẹ̀ la ti ń sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin ń jókòó, ọ̀tọ̀ lobìnrin, kó má di pé a ń yà wọ́n lójú èrò.

* * *

London ni tèmi. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́bàá Old Kent Road là ń lò. Ilẹ̀kùn irin tí wọ́n ń ká sókè ló ní, a sì máa ń fà á wálẹ̀ nítorí òtútù. Arábìnrin kan sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun wá, òun ń gbọ́ ìlù, òun ò rí ibi wọlé, òun padà sílé. Omi bọ́ lójú mi. Ilẹ̀kùn gíláàsì la fi sí i, a sì tan iná síta, torí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú níbí nígbà òtútù.

* * *

Èmi tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé ni. Ẹ̀yin ará Cele, bẹ́ǹṣì yẹn! A ṣe irin, a da kọnkéré, a ò rántí ìjókòó. Orí ìdúró ni màmá mi ń wà níta bí a bá ń retí mọ́tò. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní Sátidé, mò ń gbé e lọ. Báwo ni tiyín ṣe ga tó?

* * *

Ìnṣì 18. Ẹ ṣe ìgbọ́wọ́lé sí i, kí àgbà lè rí nǹkan fọwọ́ tì dìde.